Ọjọ́ Mẹ́wàá Tèmi, Ọgọ́ta Ọjọ́ Tiwọn

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní oṣù kejì ọdún 2024. Òtútù mú gan-an ní Leeds lọ́jọ́ náà. Ìyá Ìbejì wọlé wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò tilẹ̀ dúró bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé ó yé mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi pé kò yé mi."

Lẹ́tà Home Office ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó gbọ̀wọ́ fún un kò ní àṣẹ mọ́, nítorí náà wọ́n ti gé físà rẹ̀ kúrú. Físà tó yẹ kó gbé e dé ìparí ọdún 2025 ti di ọgọ́ta ọjọ́. Láàárín ọgọ́ta ọjọ́ náà, kó wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tó ní àṣẹ, tàbí kó wá ọ̀nà mìíràn tí òfin gbà. Bí kò bá rí méjèèjì, kí òun àti ọkọ rẹ̀ kó àwọn ìbejì, kí wọ́n máa lọ sílé.

Mo ka lẹ́tà náà fún un. Ó ti yé e dáadáa tẹ́lẹ̀. Ohun tí n kò tíì sọ fún un lọ́jọ́ náà ni ipa tí èmi kó nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí.

Mo dé Ìlú Ọba ní ọdún 2011, mo tẹ̀lé ọkọ mi tó wá kàwé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí gbogbo wa níbí ń pè ní care, ni mo kọ́kọ́ rí ṣe. Mo wẹ arúgbó, mo gbé arúgbó, mo sì kọ́ bí a ṣe ń fún ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ rẹ̀ ní tíì mu tí kò fi ní jó o lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ọ̀gá mi mú mi wọ ọ́fíìsì lọ́dún 2019 pé kí n máa pín iṣẹ́, kí n sì máa tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni ọ̀gá náà. Ó dàgbà jù mí lọ, "àbúrò mi" ló sì máa ń pè mí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí fi í sọ́kàn, nítorí pé ká ní èèyàn burúkú ni, ìtàn yìí ì bá rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ.

Lẹ́yìn àrùn Kòrónà, òṣìṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ ìtọ́jú káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n fi iṣẹ́ ìtọ́jú kún àwọn iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ lè torí rẹ̀ mú èèyàn wá láti òkè òkun pẹ̀lú físà Health and Care Worker. Owó físà náà kéré sí ti àwọn yòókù, wọn kì í sì í gba owó ìlera ọdọọdún tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì mìíràn. Ẹni tó bá ń bọ̀ lè mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ dání. Ìròyìn náà dé Ìbàdàn, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ kó tó dé etí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ níbí.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kò lè ṣàdédé mú èèyàn wá. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Home Office. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ń béèrè fún un, wọ́n á dárúkọ àwọn tí yóò máa dáhùn fún un: ẹni tí gbogbo ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tí ìjọba yóò máa bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí yóò máa wọ orí ẹ̀rọ ìjọba láti ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá mi fi orúkọ ara rẹ̀ sí méjì àkọ́kọ́. Ó fi tèmi sí ìkẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní Level 1 user. Wọ́n fún mi ní orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo pe ìyá mi nílé, mo sọ fún un pé wọ́n ti fi mí ṣe olórí ìwé. Ó gbàdúrà fún mi pé ìwé kò ní ṣi mí lọ́wọ́.

Ohun tí gbogbo èèyàn nílé ń wá nígbà náà ni CoS. Àwọn kan rò pé ìwé tó ní òǹtẹ̀ ni. Nọ́ńbà lásán ni. Ẹ̀rọ ló ń gbé e jáde lẹ́yìn tí mo bá ti kọ orúkọ ẹni náà, iṣẹ́ tó fẹ́ wá ṣe, iye wákàtí tí yóò máa ṣe lọ́sẹ̀ àti iye owó tí a ó máa san fún un. 199 pọ́n-ùn ni ilé iṣẹ́ ń san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ìlérí ló wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Owó tó kéré jù tí òfin gbà nígbà náà ni 20,480 pọ́n-ùn lọ́dún, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 10.10 pọ́n-ùn ní wákàtí kan. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé wákàtí mọ́kàndínlógójì lọ́sẹ̀ nìyẹn. Mo kọ 39 síbẹ̀ nígbà mẹ́tàlá, fún èèyàn mẹ́tàlá.

Ìlérí náà sì ní iṣẹ́ nínú. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí kò wá síbi iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ kò bá yọjú lọ́jọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, bó bá pa iṣẹ́ jẹ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ léra léra láìgba àyè, bí a bá dá a dúró, bí a bá dín owó rẹ̀ kù, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Mo kọ "ọjọ́ mẹ́wàá" sórí bébà pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi kí n má baà gbàgbé.

Láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n dé. Mẹ́sàn-án wá láti Nàìjíríà, mẹ́rin láti Zimbabwe. Èmi ni mo lọ pàdé Ìyá Ìbejì níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò. Bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀ nínú yìnyín, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, Táyé ń sunkún, Kẹ́hìndé ń wò. Olùkọ́ ni obìnrin náà ní Òṣogbo. Nínú mọ́tò, ó sọ fún mi pé ilẹ̀ kan tí ọkọ òun jogún ni wọ́n tà, wọ́n sì san mílíọ̀nù mẹ́fà náírà fún ajẹ́ǹtì kan.

Ẹnu yà mí. Òfin Ìlú Ọba kò gbà kí ajẹ́ǹtì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ torí pé ó bá a wá iṣẹ́ náà. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ kan ní Èkó ló kàn bá òun kó orúkọ àwọn èèyàn wá, òun kò mọ ohun tí ọ̀rẹ́ náà gbà. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò pe ọ̀rẹ́ náà láti béèrè, èmi náà kò sì tún béèrè mọ́.

Lóṣù àkọ́kọ́, iṣẹ́ wà. Ọ̀gá mi ń retí àdéhùn ńlá kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, pé wọ́n á fún wa ní ọ̀pọ̀ arúgbó tí a ó máa lọ tọ́jú nílé wọn. Nítorí àdéhùn yẹn ló ṣe mú èèyàn mẹ́tàlá wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, a gbọ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fún. Èèyàn mẹ́tàlá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ kò sí fún ju márùn-ún lọ. Ojú mi báyìí ni mo fi ń pín wákàtí bí ìyá tó ń pín ẹran kan fún ọmọ mẹ́wàá. Ẹlòmíràn á gba ogún wákàtí lọ́sẹ̀, ẹlòmíràn méjìlá. A kì í sì í san owó àkókò tí wọ́n fi ń rin láti ilé arúgbó kan dé òmíràn. Ẹni tó jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ tó padà ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè máà rí ju wákàtí márùn-ún gbà lórí ìwé.

Ní ìparí oṣù náà, Ìyá Ìbejì mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá. Nǹkan bíi 700 pọ́n-ùn ló wà níbẹ̀. Ohun tí èmi fi ọwọ́ ara mi kọ sórí ẹ̀rọ ìjọba jẹ́ nǹkan bíi 1,700 lóṣù. Ó ní, "Àǹtí, àbí wọ́n ṣì í kọ ni?" Mo ní kò ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì í kọ. Mo ní kó ní sùúrù, iṣẹ́ ń bọ̀.

Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yìí ti dín sí ohun tí a kọ. Ọjọ́ mẹ́wàá péré la ní láti sọ fún wọn."

Ó gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, bí a bá sọ fún wọn lónìí, kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á gba láísẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ wọ̀nyí náà á sì padà sílé. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn? Jẹ́ ká fún un ní oṣù kan."

Mo jáde. Oṣù kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ni n kò ṣe kọ ọ́. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Èmi náà ní owó ilé tí mo ń san. Ọmọ mi àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Bí láísẹ́ǹsì bá lọ, iṣẹ́ tèmi náà lè lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ló jẹ́ kí n mọ irú èèyàn tí mo ti dà. Òndó ló ti wá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, òun ló kéré jù nínú àwọn mẹ́tàlá. Wákàtí méjìlá lọ́sẹ̀ ni mo ń rí fún un. Òfin gba irú wọn láàyè láti ṣe ogún wákàtí sí i lọ́sẹ̀ níbòmíràn nínú irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n àfikún ni, kò lè rọ́pò iṣẹ́ tó torí rẹ̀ wá. Ọmọ náà wá a títí, kò rí. Ní oṣù kẹta, kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Mo pè é, kò gbé e. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní ó ti lọ sí London lọ wá ohun tí yóò jẹ.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá kọjá, ọ̀gá mi dúró sí ẹ̀yìn àga mi. Ó ní, "Kọ ọ́ kíákíá, kí wọ́n má baà sọ pé a fi pamọ́." Mo kọ ọ́ kó tó kúrò lẹ́yìn mi. Orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó wá síbi iṣẹ́ kẹ́yìn. Mo kọ pé kò yọjú. N kò kọ ìdí tí kò fi yọjú. Mo tẹ bọ́tìnì, ó lọ. Ohun tí yóò sì tẹ̀lé e kò ṣókùnkùn sí mi, wọ́n á gba físà rẹ̀.

Bébà pélébé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣẹ̀, a kò jẹ́ kí ọjọ́ kan lé e. Nígbà tí agbanisíṣẹ́ ṣẹ̀, oṣù mẹ́jọ kọjá. Òfin kan náà ni, ojú ìwé kan náà ni, èmi kan náà ni mo sì jókòó sídìí ẹ̀rọ náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Home Office méjì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní kí n gbé fáìlì wá, mo gbé e wá. Pásípọ́ọ̀tù pé, àdírẹ́sì pé, ìwé àdéhùn pé. Mo mọ bí a ṣe ń to ìwé. Obìnrin tó wà nínú wọn ṣí fáìlì kan sápá òsì, ó gbé ìwé owó oṣù sápá ọ̀tún, ó wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: "Èyí lẹ ní ẹ ó san. Èyí lẹ san. Níbo lẹ ti sọ fún wa?" N kò ní ìdáhùn.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ó rọra béèrè pé, "Àǹtí, kí ni kí n sọ fún wọn?" Ọ̀gá mi wà ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ó ń wò wá. Mo ní, "Sọ bó ṣe rí." Ó wọlé, ó sì sọ bó ṣe rí. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo sọ tí n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló san owó òtítọ́ náà, kì í ṣe èmi.

Wọ́n kọ́kọ́ so láísẹ́ǹsì wa rọ̀, wọ́n fún wa ní ogún ọjọ́ iṣẹ́ láti dáhùn. Ọ̀gá mi gba lọ́yà. Lọ́yà kọ̀wé gígùn nípa àdéhùn ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bọ́ sí i. Ní oṣù kejìlá, wọ́n gba láísẹ́ǹsì náà pátápátá. Kò sí ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ fún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ àyàfi kéèyàn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ gíga, ilé iṣẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ béèrè fún òmíràn kí oṣù méjìlá tó pé. Ó dun ọ̀gá mi. Ó rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún tuntun dé, ó ṣì ní ilé iṣẹ́, ó ṣì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó ṣì ní arúgbó tó ń sanwó fún un. Ìjìyà tó bọ́ sí orí agbanisíṣẹ́ jẹ́ àdánù òwò. Èyí tó bọ́ sí orí òṣìṣẹ́ jẹ́ lẹ́tà ọgọ́ta ọjọ́.

Bí lẹ́tà náà ṣe dé sórí fóònù Ìyá Ìbejì nìyẹn, àti sórí ti àwọn mọ́kànlá yòókù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà yẹn. Orí wọ́ lójú mi fún oṣù mẹ́jọ. Mo wá pinnu pé ọgọ́ta ọjọ́ tó kù, n kò ní sùn. Ìjọba máa ń tẹ orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì síta, ẹnikẹ́ni ló lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣà á ní ìlú kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Lálaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti iṣẹ́ dé, àwọn méjìlá náà á wá sí pálọ̀ mi tàbí kí wọ́n wọlé lórí WhatsApp, a ó kọ lẹ́tà, a ó tún un kọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní ká san owó kí àwọn tó gba ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá, a ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Àárín ọgọ́ta ọjọ́ náà ni òfin tún yí padà. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà náà ṣáájú ọjọ́ yẹn ṣì lè mú ẹbí wọn dání bí wọ́n bá yí agbanisíṣẹ́ padà, èyí ló gba Ìyá Ìbejì là. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà, òfin ní agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ gbọ̀wọ́ fún olùtọ́jú ní England gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Care Quality Commission, àjọ tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ìtọ́jú. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó pa orúkọ púpọ̀ rẹ́ nínú ìwé tí mo ti kọ.

Ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́ta, ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní etí òkun ní Lincolnshire gba Ìyá Ìbejì. Wọ́n fún un ní CoS tuntun, ó sì fi ìwé físà ránṣẹ́ kí ọgọ́ta ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ lásìkò lè dúró títí wọ́n á fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi dúró. Ìrẹsì ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ìbejì jẹ fún ọ̀sẹ̀ méje.

Nínú àwọn méjìlá, méje rí agbanisíṣẹ́ tuntun. Ẹnì kan bọ́ sábẹ́ físà ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni méjì padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá kan ní Ìbàdàn tó ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó wá. Ó pè mí láti pápákọ̀ òfuurufú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìdúpẹ́ náà sì dùn mí ju èébú lọ. Ẹni méjì tó kù, fóònù wọn kò lọ mọ́. Ọmọ Òndó náà, n kò gbúròó rẹ̀ rí.

Kí Ìyá Ìbejì tó kó kúrò ní Leeds, mo lọ bá a nílé. Ó ń di ẹrù. Mo jókòó sórí àpótí kan, mo sọ fún un pé mo mọ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2023, pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ aṣínà náà wà, pé mo lè kọ ọ́, n kò sì kọ ọ́.

Kò wò mí. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ìwé owó oṣù mi, ẹ̀yin ni mo mú un wá bá." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èmi náà bẹ̀rù. Ká ní ẹ kọ ọ́ lóṣù kìíní, bóyá ìgbà yẹn náà ni ọgọ́ta ọjọ́ ì bá ti bẹ̀rẹ̀. N kò dá yín lẹ́bi nítorí ìyẹn." Ó ká ẹ̀wù kan sí i, ó gbé e sínú àpò. "Ṣùgbọ́n ti bọ̀dá Òndó yẹn, ẹ yára kọ tiẹ̀."

N kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo bá a di àpò náà.

Mo fi ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́dún náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn gbà mí fún irú iṣẹ́ kan náà, nítorí pé ẹni tó ti rí i tí ilé wó máa ń mọ ibi tí ògiri ti ń sán. Mo sọ ohun mẹ́ta fún ọ̀gá tuntun kí n tó gba ọ̀rọ̀ aṣínà. Èkínní, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, èmi yóò gbé ohun tí a kọ sórí CoS àti ìwé owó oṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọn kò bá bára mu, n kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó kọ ọ́. Èkejì, a kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí CoS fún iṣẹ́ tí a ṣì ń retí; iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni a ó mú èèyàn wá ṣe. Ẹ̀kẹta, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, èmi yóò jókòó tì í, èmi yóò sì sọ ohun tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè fún un, ní èdè tó gbọ́.

Ọ̀gá tuntun náà rẹ́rìn-ín, ó ní owó ìtanràn ló ń ba òun lẹ́rù jù. Ó tọ̀nà. Láti oṣù kejì ọdún 2024, agbanisíṣẹ́ tó bá gba ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ lè san tó 45,000 pọ́n-ùn lórí èèyàn kan, tó bá sì tún un ṣe, ó lè tó 60,000. Gbogbo ìpàdé àwọn agbanisíṣẹ́ tí mo bá lọ, ìyẹn ni wọ́n ń sọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ tí a wá fi iṣẹ́ dù ú.

Lẹ́yìn náà, òfin tún sún síwájú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ṣe òfin pé kí agbanisíṣẹ́ ìtọ́jú ní England kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ láàárín àwọn tí onígbọ̀wọ́ wọn ti já wọn kulẹ̀ níbí. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn: olùtọ́jú tuntun kò lè ti òkè òkun wá mọ́ lójú ọ̀nà yìí. Àwọn tó wà nílẹ̀ ló kù. Bí ẹ̀yin tó ń ka èyí bá gba irú wọn síṣẹ́, ẹ rántí pé ìwé tí ẹ kò tọ́jú, ẹlòmíràn ló máa san gbèsè rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí onítọ̀hún má mọ̀ títí lẹ́tà yóò fi dé.

Ìyá Ìbejì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì tó kọjá, ó fi àwòrán wọn ránṣẹ́ létí òkun, Kẹ́hìndé dì mọ́ korobá kékeré kan. Lábẹ́ rẹ̀ ló gbé àwòrán ìwé owó oṣù rẹ̀ sí. Kò kọ nǹkan kan sí i. Mo ṣí i, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó pé.